Ẹ Fi Fèrèsé Sí Ẹ̀yìn Yàrá Màmá

Bàbá Àgbà, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú ọ̀nà wa tí ẹ ń wò, ẹ kú àmójútó ilé tí a fi sílẹ̀ fún yín. Àbúrò bàbá mi ni yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ẹni tó bí mi ti lọ ni ẹ ti di bàbá mi, ẹ ò sì jẹ́ kí n mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkòsí níbí. Rafíù, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà. Ìwọ ni kí o ka lẹ́tà yìí sí Bàbá Àgbà létí. Kà á tán. Má fo ibì kankan, nítorí mo mọ̀ ọ́.

Mo mọ̀ pé ìkíni àgbà yẹ kó gùn ju báyìí lọ. N óò kí yín dáadáa nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó bàjẹ́ àti ẹni tó mọ̀ sí i. Nílé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ nípa òwò ṣíṣe, ohun tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ nìyẹn: bí iṣẹ́ bá dúró, má pariwo, béèrè ohun tó dá a dúró, kí o sì béèrè ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí kò sọ.

Ilé bàbá mi ní abà, ilé alámọ̀ tí a ní ká tún kọ́ kí Màmá lè lo ọjọ́ ogbó wọn nínú rẹ̀, kò tíì ṣeé gbé. Ògiri ti dúró, òrùlé ò sí. Páànù tí mo fi lọ́rì kó ránṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí, ewúrẹ́ ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Rafíù mọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo ní kí wọ́n ṣe mọ́ ẹ̀yìn yàrá Màmá, kí wọ́n má baà máa rìn jìnnà, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Sùlè bíríkìlà ní òkúta ló wà nílẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀yin náà, Bàbá Àgbà, ẹ sọ fún mi lórí fóònù pé àpáta ńlá ni, pé ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn bàbá yín tó tẹ abà dó. Yàrá Màmá fúnra rẹ̀ kò ní fèrèsé lẹ́yìn. Nínú pláànù tí mo fi ránṣẹ́, mo ya fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́, mo ya òmíràn sí ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá, kó má baà dà bí ààrò búrẹ́dì. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí ti ẹ̀yìn pa. Gbogbo ilé mọ̀. Mo bi Rafíù, ó ní nítorí olè ni. Olè wo, ní abà tó jẹ́ pé ìgbálẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń dábùú ẹnu ọ̀nà?

Òjò ọdún kan lọ, tọdún kejì lọ. Ẹ ní ká jẹ́ kí wọ́n wa gbágùúdá tán. Wọ́n wà á tán. Ẹ ní ká jẹ́ kí wọ́n gba ààwẹ̀ tán. Wọ́n gbà á, wọ́n jẹ ọdún. Ẹ wá ní ara Sùlè ò yá. Mo fi oògùn ránṣẹ́ sí Sùlè, ẹni tó gbé oògùn lọ bá a ní pápá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Lẹ́tà yìí yóò jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kà á má sì rò pé ará ilé ló jẹ owó ọmọ Èkó. Síménǹtì pé, irin pé, páànù pé. Èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀, mo sì ti bẹ Sùlè lórí orúkọ tí mo pè é.

Ẹ ò mọ bí Màmá ṣe ń ṣe níbí, torí ohun tí àwọn fúnra wọn ń sọ fún yín lórí fóònù ni ẹ gbà gbọ́: pé ara àwọn le, pé àwọn ń jẹun. Wọ́n ń jẹun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ògiri àtijọ́ ti wó tí mo sì lọ gbé wọn wá, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a jọ ń gbé. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn náà, wọ́n dúró láàárín, wọ́n di ògiri mú, wọ́n bi mí pé ṣé ẹyẹ ni mo fi àwọn pè ni. Ìyá tó máa ń gbá àgbàlá kí oòrùn tó yọ, kò sí àgbàlá mọ́. Fàrándà tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ ni wọ́n ń gbá, wọ́n á gbá a láàárọ̀, wọ́n á tún gbá a lọ́sàn-án, bíi pé ewé kan máa já bọ́ sórí síménǹtì.

Èmi máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Mile 12 ni mo ń lọ, láti lọ dúró ti àwọn lọ́rì tó ń ti òkè Ọya bọ̀, kí n yan tòmátì àti ata tí àwọn òṣìṣẹ́ mi yóò pín fún àwọn ilé oúnjẹ ní Gbàgádà àti àwọn oníbàárà mi ní Màgódò. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ibẹ̀ a máa gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Bí oòrùn bá mú, òórùn tòmátì tó ti rà á bá mi délé, sábùlà lásán ni gbogbo lọ́fínńdà. Tòmátì ò mọ sùúrù. Èyí tí ẹ ò bá tà lónìí, ẹ ó dà á nù lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ara mi gbóná jù, iṣẹ́ tó ń bọ́ mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Èkó kún, ènìyàn ń gbá ènìyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ọjọ́ mìíràn á wà tí n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọjà títí n óò fi dé ọ̀dọ̀ Màmá.

Bí mo bá dé, wọ́n á ti wà lórí àga lójú fàrándà. Ṣùgbọ́n wọn kì í wo ìta. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí ìta, ògiri ni wọ́n ń kọjú sí. Mo ní Màmá, ẹ yíjú sí títì, kí ẹ máa wo ènìyàn, kí ojú yín là díẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn ṣe ń jókòó nílé nìyẹn. Mo rò pé ogbó ni. Àlájà tó ni ilé tí a ń gbé máa ń gòkè wá kí wọn, wọ́n á jọ bú àwọn oníná mànàmáná, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Bí Àlájà bá ti sọ̀ kalẹ̀, Màmá á bi mí pé ilé ń kọ́, ó dé ibo. Lójoojúmọ́ ni. Mo ti pa irọ́ fún wọn títí irọ́ fi tán lẹ́nu mi.

Ìdí nìyẹn tí mo ṣe wá lọ́jọ́ Sátidé yẹn láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí. Ẹ wà lábẹ́ igi ọsàn, ẹ rí ọkọ̀ mi, ẹ dìde dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko. Mo kí yín, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lọ sí ẹ̀yìn. Mo mú ṣọ́bìrì tí Sùlè fi ń po síménǹtì. Mo ní ẹ jẹ́ kí èmi náà rí àpáta yìí. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ṣọ́bìrì náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn yàrá Màmá. Ó wọlé bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ. Kò sí àpáta. Kò sí òkúta wẹ́wẹ́ pàápàá. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ju gbogbo ilẹ̀ àgbàlá yòókù lọ.

Mo yíjú pa dà kí n bú Sùlè, èébú ti wà lẹ́nu mi. Sùlè ti di ọwọ́ mi mú. Ó ní Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́ ibẹ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó ní kí n fi ṣọ́bìrì náà gbá òun lórí bó bá wù mí, òun ò ní í fi mí sílẹ̀. Mo wo Rafíù. Rafíù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti fi fìlà bojú. Mo wò yín, Bàbá Àgbà, ẹ ń wo ọ̀nà oko. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nínú yín. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn.

Àkànní wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ò mọ̀ wá, Àkànní ni àbúrò tó tẹ̀ lé mi, ẹ̀gbọ́n Rafíù. Òun ló dúró ti Màmá ní abà nígbà tí èmi wá Èkó. Ọ̀kadà ló mú un lọ, lójú ọ̀nà ọjà, ní ọ̀sẹ̀ tí mo ń ṣe ìdánwò àṣekágbá. Wọn ò sọ fún mi títí wọ́n fi sin ín tán. Wọ́n ní àwọn gbé e lọ sí itẹ́ òkú ní ìlú, n kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ̀gbọ́n ni mí. Nílé wa, òbí kì í rí ojú oórì ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n kì í tẹ̀ lé òkú àbúrò. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń sin ín, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n bí lé e, wọn a sì pa ẹnu mọ́ títí ayé. Sùlè ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Sùlè ló gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ò lè bá wọn dé ibẹ̀, Bàbá Àgbà, ẹ kàn nawọ́ láti iwájú ilé ni: ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀, kí ọmọ má baà sùn láàárín àjèjì. Ilé ti ń gbó nígbà náà. Ẹ rò pé Màmá yóò kó wá bá yín ní ìlú kí oṣù tó jáde. Màmá kò kó. Ilé wó lé wọn lórí, wọn ò kó. Lẹ́yìn náà ni èmi dé, mo ní ká tún ilé kọ́, mo fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ibi tí Àkànní wà nínú pláànù mi, mo sì ń pariwo lórí fóònù pé kí ló dé tí ẹ ò gbẹ́ ẹ.

Gbágùúdá, ààwẹ̀, àìsàn Sùlè, olè tí kò sí. Ẹ ń dáàbò bo ìyá mi lọ́wọ́ mi ni. Ẹ dí fèrèsé kí ojú wọn má baà ṣì í rí. Ẹ jẹ́ kí n pè yín ní ọ̀lẹ.

Mo sunkún nínú ọkọ̀ láti abà títí dé Bẹ́gà, ẹnu ibodè Èkó. Níbẹ̀ ni mo ti nu ojú mi, mo sì fi ẹ̀rín wọlé. Kí n tó gun àtẹ̀gùn tán, mo ti ní ètò tuntun lórí: a ó fi abà sílẹ̀, a ó kọ́ ilé mìíràn sí ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, Màmá kò ní gbọ́ ìdí rẹ̀ láéláé. Mo jókòó tì wọ́n, mo to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe máa ń tò ó fún àwọn oníbàárà: ìlú sún mọ́ ilé ìwòsàn, ìlú ní iná, ará pọ̀ níbẹ̀.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n bi mí pé ṣé Sùlè ti gbẹ́ ẹ̀yìn ilé ni. Mo ní rárá. Wọ́n ní ó káre, àwọn mọ̀ pé kò ní gbẹ́ ẹ, pé ọmọ dáadáa ni Sùlè láti kékeré. Wọ́n tún ṣa ẹ̀wà lọ.

Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀.

Wọ́n ní lọ́jọ́ ìsìnkú náà, àwọn obìnrin ilé mú àwọn wọ yàrá, wọ́n ti fèrèsé ẹ̀yìn, wọ́n sì ń ké sókè kí àwọn má baà gbọ́ nǹkan kan. Láàárín igbe náà ni àwọn ti ń gbọ́ ìró ọkọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ tí àwọn ti ń gbá láti ọjọ́ tí àwọn ti wọlé ọkọ, ṣé àwọn ò ní í dá ohùn rẹ̀ mọ̀ ni? Wọ́n ní èèwọ̀ ni kí àwọn rí i. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn má gbọ́.

Mo bi wọ́n pé ṣé wọn ò wá lọ wò ó rí. Wọ́n bínú sí mi, wọ́n ní ṣé irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn. Ẹ̀yìn ni àwọn ń kọ sí i. Láràárọ̀ wọ́n á gbé àpótí ìjókòó wọn sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Pé ìgbín ti jẹ ẹ̀fọ́ tán. Pé Rafíù ò tíì mú ìyàwó wálé, pé bóyá irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń lé wọn. Pé èmi Àbẹ̀kẹ́ ò tíì pè láti ìjẹta. Bí wọ́n bá ń gbálẹ̀, wọ́n á dúró níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bá ti mọ̀ pé ilẹ̀ rọ̀, wọ́n á yí pa dà.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ, ẹ ó mọ̀ pé àwọn mọ̀, ẹ ó sì kó àwọn kúrò níbẹ̀. Wọ́n tún ní wàhálà tí ẹ ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ náà pọ̀, àwọn ò fẹ́ kí ó já sí asán lójú yín. Ìgbà tí ògiri wó tí mo fi ọkọ̀ wá gbé wọn, wọ́n rò pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Wọ́n tilẹ̀ sọ fún Àkànní bẹ́ẹ̀.

Àga fàrándà wá yé mi. Bàbá Àgbà, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn wọn lókè yìí o. Lọ́rì ni, àti ariwo ìwo ọkọ̀.

Màmá ló ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ní ẹnu ìyá ò gbọdọ̀ sọ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n tèmi lè sọ ọ́. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbi tí gbogbo ará ìlú yóò ti kà á, nítorí bí mo bá kọ ọ́ sí ẹ̀yin nìkan, ẹ ó tún pe ìpàdé, ẹ ó sì fi pamọ́ fún àwọn pé ẹ ti gbọ́ pé àwọn mọ̀.

N kò bínú sí ẹnikẹ́ni mọ́. Inú mi bàjẹ́ ni, ìyẹn ò sì kan páànù. Ọjọ́ ń lọ. Orúnkún Màmá ò gbé wọn dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì ti ń ṣì wọ́n lẹ́nu. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí ní Àkànní, wọ́n bi mí pé ṣé mo ti so ewúrẹ́, wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ṣì í pè. Mo fẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì mọ ẹni tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí, n kò sì fẹ́ àtúnṣe sí i. Ẹ kan páànù. Ẹ gbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Kí ẹnikẹ́ni má da síménǹtì sí ẹ̀yìn ilé, ẹ má ri òkúta mọ́lẹ̀, ẹ má kọ orúkọ, ẹ má gbin òdòdó. Ilẹ̀ ni kó jẹ́. Kí Sùlè lu ògiri ẹ̀yìn yàrá Màmá, kó fi fèrèsé síbẹ̀. Kì í ṣe gíláàsì. Pákó pẹlẹbẹ ni kó tò léra lágẹ̀ẹ́rẹ́, kí ojú má lè ríran gbà á kọjá, kí ohùn lè gbà á. Kó ṣe é sísàlẹ̀, níbi tí orí bẹ́ẹ̀dì yóò wà, kí ẹni tí kò lè dìde mọ́ lè sọ̀rọ̀ gba ibẹ̀.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó dé gidi, n óò gbé Màmá sínú ọkọ̀. Òrùlé wà o, òrùlé ò sí o, a ó dé. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò ní ṣeé ṣe, ẹ pè mí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, n óò kó bíríkìlà láti Kétu wá, kí Sùlè jókòó máa wò wọ́n. Mo mọ̀ pé Sùlè ò ní gbà kí àjèjì fọwọ́ kan ògiri yẹn. Nígbà tí a bá dé, ẹ má bẹ̀bẹ̀, ẹ má sunkún, ẹ má sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kí Màmá kú ọ̀nà, kí ẹ fún wọn lómi, kí ẹ sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú kúrò.

Bàbá Àgbà, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa pẹ̀lú àlàáfíà. Àgbà ò ní í gbọ́ ìró ọkọ́ lórí ọmọ mọ́ nínú ilé wa. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti gbogbo ọmọ ilé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará mọ́ṣáláṣí tó tọ́jú páànù, kí ẹ sọ fún ewúrẹ́ wọn kó wá ibòmíràn sùn. Ẹ kí Sùlè fún mi, ẹ kí i dáadáa.

Màmá náà kí yín. Wọ́n ní kí Rafíù gbé àpótí ìjókòó àwọn jáde sí oòrùn, kí ikán má baà jẹ ẹ́ kí àwọn tó dé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́, ní Ìkòsí.